Omi àti Abẹ

Ẹkún ọmọ náà máa ń dáwọ́ dúró, ohun tó sì tàn wá jẹ nìyẹn. Ọmọ oṣù méje ni, ọmọkùnrin, ọmọ àbúrò mi obìnrin. Á jókòó sórí ẹní, á máa fi ṣíbí lu ike, àfi kí ojú rẹ̀ ṣàdédé yí padà. Á ká orúnkún méjèèjì mọ́ ikùn, á figbe ta bí ẹni tí àkeekèé ta. Kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí í fi tán. Á dákẹ́, á máa wò wá, ara rẹ̀ á rọ̀ pẹ̀sẹ̀, àwa náà á sì máa sọ fún ara wa pé ó ti lọ. Tó bá tún tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, igbe á sọ.

Ìyá wa ní eyín ló ń hù. Ìyá Kúnlé tó wà ní yàrá kejì ní ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ni kò bá a lára mu. Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, mo ní inú rírun lásán ni, ẹ fún un ní parasítámọ̀ kó sùn. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì lóru. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń ṣú lọ, àbúrò mi tú nápì rẹ̀, ó sì pè mí. Kì í ṣe ìgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Ikun pupa ni, ó ń yọ̀, ó ń fà, bí ìgbà tí ènìyàn da zóbò sínú ọbẹ̀ ilá. Àwọn òyìnbó tó kọ ìwé ìṣègùn fi í wé jẹ́lì èso pupa kan tí wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ wọn. N kò rí èso náà rí, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó wà nínú nápì yẹn: zóbò òun ilá ni.

Alákẹ́mísì àdúgbò wa ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, ó kó Flagyl fún wa. Ọjọ́ kẹta la tó dé ilé ìwòsàn tó ní dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé. Ikùn ọmọ ti le bí awọ ìlù, èébì rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Abẹ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, aládùúgbò wa kan tó ń gbé òkè gbé Fẹ̀yí ọmọ rẹ̀, olóṣù mẹ́jọ, sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ mí wá nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Á ké, á dákẹ́, á tún ké." N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà la gbé e lọ. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Fẹ̀yí ti tún ń mu ọmú. Omi ni wọ́n fi tọ́jú tirẹ̀.

Àìsàn kan náà ló ṣe ọmọ méjèèjì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé omi àti abẹ lé ìwọ̀n lọ́kàn mi, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì ń kà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ̀n náà máa sọ kọ́ ló sọ fún mi.

Àwọn dókítà ń pe àìsàn náà ní intussusception, orúkọ tó gùn ju ìfun tó dá a sílẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kò ju pé ìfun wọ inú ìfun. Ẹ wo ẹni tó ń bọ́ bùbá tí òógùn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára: apá bùbá á yí padà, á ká wọ inú ara rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òpin ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, níbi tó ti fẹ́ já sínú ìfun ńlá nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ni yóò ki orí bọnú ìfun ńlá. Iṣẹ́ tí ìfun ńlá mọ̀ ni kó máa ti ohun tó bá wọ inú rẹ̀ síwájú, kò sì mọ̀ pé ara òun lòun ń gbé mì. Ó ń tì í lọ. Nínú ọmọ míì, ó máa ń tì í dé ẹnu ìdí.

Ìfun kì í dá wọlé. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé e ró, èyí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, máa ń bá a wọlé, á sì há síbẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde ló rọ̀ jù, òun ló sì kọ́kọ́ ń dí. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde. Ìfun wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ikun àti ẹ̀jẹ̀. Zóbò wa nìyẹn. Tó bá pẹ́, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé náà á dí, ìfun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa omi àti abẹ wà láàárín dídí àkọ́kọ́ àti dídí kejì yẹn.

Láti oṣù mẹ́rin sí mẹ́wàá ló wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń ṣe ọkùnrin ju obìnrin lọ. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí, dókítà kì í rí ohun pàtó kan tó fà á. Ohun tí wọ́n fura sí ni àwọn kókó kéékèèké tó wà lára ìfun láti máa bá kòkòrò àrùn jà. Bí ọ̀fìnkìn tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣe ọmọ, kókó yìí lè wú, ìfun á sì máa tì í síwájú bí ẹni pé oúnjẹ ni. Ọ̀rọ̀ Ìyá Kúnlé kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àgọ̀, torí ìgbà tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ ògì gan-an ni àìsàn yìí ń jà. Ṣùgbọ́n kí nǹkan méjì dé lóṣù kan náà kò sọ ọ̀kan di ìyá èkejì.

Àwọn òbí míì ti gbọ́ pé àjẹsára ló ń fà á, ọ̀rọ̀ náà sì ní orísun. Lọ́dún 1998, wọ́n gba àjẹsára kan tó ń jẹ́ RotaShield láyè ní Amẹ́ríkà láti dènà ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò rotavirus ń fà. Lọ́dún 1999, wọ́n kó o kúrò nílẹ̀, torí wọ́n rí i pé nínú bí ọmọ 10,000 tó gbà á, ó ń mú kí ìfun ọmọ kan wọ inú ìfun. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí i, wọ́n sì dán wọn wò dáadáa. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè méje nílẹ̀ Áfíríkà, tó jáde lọ́dún 2018, kò rí i pé Rotarix, ọ̀kan lára wọn, dá kún àìsàn náà. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní àjẹsára rotavirus lọ́dún 2022. Bí mo bá ní ọmọ ọwọ́ lónìí, mo máa gbé e lọ gbà á.

Kí n tó dé orí ìtọ́jú, ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí mímọ àìsàn, torí ibẹ̀ ni àwa ti ṣubú.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ìfun tó wọ ìfun jọ ara wọn nínú nápì, wọn kò jọ ara wọn nínú ìtàn. Ẹni tí ọ̀rìn bá ń ṣe, ara rẹ̀ á gbóná, ìgbẹ́ rẹ̀ á ti máa ṣàn, á máa yà á ní ìgbà púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá yọ nínú ìgbẹ́ náà. Ní ti ìfun tó wọ ìfun, ìrora ló ń ṣíwájú. Ọmọ tí ara rẹ̀ le, tó sanra, tó ń ṣeré láàárọ̀, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójijì. Ìrora náà ń bọ̀, ó ń lọ, bí ìrọbí. Èébì ló tẹ̀ lé e: ọmú àti ògì ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà ni yóò di omi aláwọ̀ ewé. Ó lè yàgbẹ́ gidi lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ti wà nísàlẹ̀ ibi tó dí, èyí sì lè tún fi òbí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dé kẹ́yìn. Àwa tí a jókòó ti ọmọ tí à ń retí kí nǹkan tó dájú yọ, ohun tó dájú náà ni àmì pé ọjọ́ ti lọ. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì sọ pé ìrora, ẹ̀jẹ̀, àti kókó tí ọwọ́ ń bà nínú ikùn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í pé sára ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá.

Ojú kẹta kan wà tó burú ju méjèèjì lọ: ọmọ míì kì í ké rárá. Á kàn rọ̀ jọwọlọ, á máa sùn ṣáá, á funfun, kò ní fẹ́ ṣeré. A ó ní ibà ni. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba abẹ́rẹ́ ibà fún ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó tú ìlédìí rẹ̀ wò.

Lọ́dọ̀ dókítà, ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà láti fi mọ̀ ọ́n: ọwọ́ àti skáànù. Dókítà tó gba Fẹ̀yí lálẹ́ yẹn kò yára fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó dúró, ó fi í sílẹ̀ títí ìrora fi lọ tí ọmọ sì tòògbé lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ra ara wọn kí wọ́n lè móoru, ó wá rọra tẹ apá ọ̀tún lábẹ́ egungun ìhà. Ó ní kí n fi ọwọ́ tèmi sí i. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó gùn, tó rọ̀ díẹ̀, tó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tó yẹ kí ìfun wà, ó ṣófo. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Dance, ló ṣàkíyèsí òfìfo yẹn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àmì náà títí di ìsinsìnyí. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ọmọńdinrín yẹ ìdí ọmọ wò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá orí ìka rẹ̀ jáde. Fẹ̀yí kò tíì ya zóbò kankan.

Skáànù kàn fi ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ hàn. Wọ́n da òróró títutù sí i níkùn, wọ́n gbé irin lé e, òrùka yọ nínú òrùka lójú ẹ̀rọ, bí àlùbọ́sà tí a là ní ìbú. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, skáànù kì í fẹ́ẹ̀ ṣì í mú. Nínú 100 ọmọ tó ní in, ó máa ń rí bíi 98. Ọwọ́ kò tó bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ikùn bá ti wú tàbí bí ọmọ bá ń ké. Ẹ́síréè ńkọ́? Ó lè fi hàn pé ìfun dí tàbí pé ó ti lu, ṣùgbọ́n fọ́tò tó dára pátápátá lè jáde lára ọmọ tí ìfun rẹ̀ ti wọra, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbára lé e.

Tí a bá wá ní ká mú ọ̀kan, gbogbo ayé á mú skáànù. Èmi náà á mú un, àmọ́ n kò ní ju ọwọ́ nù. Skáànù kì í rí àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ẹni tó ní kí wọ́n lọ ya ọmọ, òun ni ọkàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọwọ́ àti etí ló sì gbé e débẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré tí kò ní iná, tó gbọ́ pé ọmọ ń ké tó ń dákẹ́, tó sì kọ lẹ́tà kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ.

(Kì í ṣe gbogbo ìfun tó dí ló jẹ́ pé ó wọra o. Ìpá lè há. Aràn lè dì bí òkùn nínú ìfun ọmọ tó ti ń sáré kiri. Ìfun ọmọ tuntun lè lọ́ nítorí pé kò wà ní àyè rẹ̀ láti inú oyún. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ fún òbí ni èébì aláwọ̀ ewé: ọmọ ọwọ́ tó bá bì í, kó má sùn nílé.)

Ó wá ku omi àti abẹ.

Ẹnu ọdún márùn-ún síra wọn ni àwọn méjèèjì fi wọ ìtàn. Lọ́dún 1871 ní Lọ́ńdọ̀nù, Jonathan Hutchinson la ikùn ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan, ó fa ìfun rẹ̀ yọ kúrò nínú ara wọn, ọmọ náà sì yè. Òun ni àkọ́kọ́ irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ tó yọrí sí rere lára ọmọdé nínú ìwé ìtàn ìṣègùn. Lọ́dún 1876 ní Copenhagen, Harald Hirschsprung, dókítà ọmọdé tí àìsàn ìfun mìíràn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa omi tí ó ń gbà láti ìdí lọ ti ìfun padà. Nígbà tó fi di 1905, ó ti ka ọmọ 107. Bíi 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú, ẹ sì má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín, torí láyé ìgbà náà, ó dára ju ohun tí abẹ ń ṣe lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn ìdákú dára sí i, abẹ gba ipò, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé omi. Lọ́dún 1948 ni Mark Ravitch ní Baltimore tún gbé e dìde, ó lo báríọ́ọ̀mù tí ẹ́síréè ń rí. Àwọn ará Ṣáínà wá fi afẹ́fẹ́ rọ́pò omi: ìròyìn kan láti Shanghai lọ́dún 1986 ka ọmọ 6,396 tí wọ́n ti tọ́jú láàárín ọdún mẹ́tàlá.

Àwọn tiwa náà kò sùn. Lọ́dún 1964, E. A. Elebute àti A. O. Adesola kọ̀wé nínú British Journal of Surgery lórí àìsàn yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Lọ́dún 1966, G. J. Cole kọ tirẹ̀ lórí irú kan tí wọ́n ń rí n'Ìbàdàn, níbi tí orí ìfun ńlá fúnra rẹ̀ ti ń wọ inú ìfun ńlá.

Ẹ jẹ́ ká wo abẹ ná, torí òun la kọ́kọ́ bá pàdé. Wọ́n fi ọmọ àbúrò mi sùn, wọ́n la apá ọ̀tún ikùn rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé ẹnikẹ́ni kì í fa ìfun tó wọra. Bí o bá fà á, á ya. Ṣe ni wọ́n ń di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, níbi tí orí èyí tó wọlé dé, tí wọ́n á máa rọra fún un padà sókè, bí ẹni tó ń fún ọṣẹ ìfọyín tó kù sídìí rọ́bà. Ti ọmọ wa gba fífún dé ibì kan, ó kọ̀. Ibi tó kọ̀ yẹn ti dúdú. Wọ́n gé e, wọ́n rán ẹnu méjèèjì pọ̀. Dókítà na àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ sí wa láti fi bó ṣe gùn tó hàn. Àbúrò mi wojú ilẹ̀.

Ìwà rere abẹ kò kéré. Ó ń rí ohun tó wà nínú. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ló wà lára ìfun tó ń fà á wọlé, bí àpò kékeré tí wọ́n ń pè ní Meckel, tàbí kókó, tàbí jẹjẹrẹ, ojú á bá a níbẹ̀, wọ́n á sì mú un kúrò. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ọmọ tó ti kọjá ọdún méjì tàbí mẹ́ta, torí lára wọn ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ ju lára ọmọ ọwọ́ lọ. Ìfun tí wọ́n fi ọwọ́ tú kì í sì í sábà tún wọra. Bí ìfun bá sì ti kú tàbí tó ti lu, kò sí àríyànjiyàn mọ́: abẹ nìkan ló lè gba ọmọ náà là. Ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ pọ̀. Ọmọ á sun oorun oògùn, ojú ọgbẹ́ á dùn ún, ó lè kẹ̀. Kò ní jẹun fún ọjọ́ díẹ̀. Ìfun tí afẹ́fẹ́ àti ọwọ́ bá ti kàn lè lẹ̀ mọ́ ara wọn, kó wá dí ní ọdún púpọ̀ sí i. Owó rẹ̀ sì ń bọ̀ kí wọ́n tó wọ tíátà. Bàbá ọmọ wa ta ọ̀kadà rẹ̀.

Omi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń rò pé ó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè ṣe nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo rí ní kíkún. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Fẹ̀yí ti gba dírípù títí ó fi tọ̀. Wọ́n fi rọ́bà sí i nímú láti fa omi inú ikùn rẹ̀. Wọ́n ti mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá ní láti fún un lẹ́jẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ wà nínú yàrá skáànù náà, ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé abẹ, ilẹ̀kùn tíátà sì ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi omi bẹ̀rẹ̀ níbi tí abẹ kò ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, torí bí ìfun bá lu, wàhálà ló dé. Kì í sábà lu, kì í tó ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, tirẹ̀ pé. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ ti le bí pákó, tàbí tí ara rẹ̀ ti tutù, kì í rí omi gbà rárá.

Wọ́n mú rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ àgbà, èyí tó ní bàlúù lórí, wọ́n tì í sí ìdí ọmọ, wọ́n fẹ́ bàlúù náà kó má baà yọ, wọ́n fi pílásítà di ìdí méjèèjì pọ̀ gírígírí. Omi oníyọ̀ bíi ti dírípù, tí wọ́n ti mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni wọ́n gbé kọ́ sókè ní nǹkan bíi mítà kan lókè bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó ń ti ìfun kò ju ìwúwo omi yẹn lọ. Òfin ti ayé báríọ́ọ̀mù ni ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta; bí ìfun bá ń sún, tí ara ọmọ sì dá, àwọn dókítà òde òní lè sinmi díẹ̀ kí wọ́n tún gbìyànjú. Ní Britain, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sábà ń lò dípò omi, ẹ́síréè ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ọ, wọn kì í jẹ́ kó kọjá 120 lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Afẹ́fẹ́ yá ju omi lọ, ó sì mọ́ tónítóní. Àmọ́ ìtànṣán ẹ́síréè ń bá ọmọ, bí ìfun bá sì lu, ikùn lè kún fún afẹ́fẹ́ débi pé wọ́n á ní láti gún un lábẹ́rẹ́ kó lè mí. Omi lábẹ́ skáànù kò ní ìtànṣán kankan. Fún ibi tí a ti ní skáànù ju ẹ̀rọ ẹ́síréè tó ń rìn bíi fíìmù lọ, mo rò pé omi ló bá wa mu jù.

Bí ọmọ bá tètè dé, omi tàbí afẹ́fẹ́ máa ń tú ìfun bí ọmọ 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbèsè tirẹ̀ ni pé ó lè tún wọra: bíi ọmọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà wá, ọ̀pọ̀ wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi sì tún lè tú wọn. Kò lè rí Meckel. Kò sì lè mọ̀ bóyá ìfun tó tì padà ṣì wà láàyè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ọmọ dúró kí wọ́n máa wò ó.

Bí ẹ bá da méjèèjì sórí ìwọ̀n báyìí, omi ló máa borí, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá yín jiyàn. Ibi tí ìwọ̀n ti yà mí lẹ́nu ni pé mo gbé ọmọ méjì lé e, mo rò pé ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́ ju èkejì lọ ni Fẹ̀yí bá pàdé. Rárá. Mo padà lọ bá dókítà tó la ọmọ àbúrò mi, mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi omi tọ́jú tiwa. Ó ní, "Àǹtí, àwa náà ń lo omi. Ọmọ yín kò sí lára àwọn tí omi wà fún mọ́ nígbà tí ẹ gbé e dé." Bí ọjọ́ ṣe ń gun ọjọ́ ni omi ń pàdánù agbára rẹ̀, torí ìfun ń wú, ó ń há, ó ń kú. Láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ ló ń yan omi. Tó bá di ọjọ́ kẹta, abẹ ló ń yàn ọ́.

Nílẹ̀ Áfíríkà, àkójọpọ̀ ìròyìn tó jáde lọ́dún 2013 fi hàn pé bíi ọmọ mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún tí àìsàn yìí ṣe ló ń kú. Ní apá ibòmíràn láyé, kì í tó ọ̀kan. Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn dókítà wa wúwo. Àwọn ọmọ ni kì í tètè dé. A ó kọ́kọ́ fi eyín pè é, a ó rọ ọ́ lágbo, a ó gbé e dé kẹ́mísì, a ó gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré tí yóò fún un ní ibùsùn ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ìyá. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló jẹ́ pé bó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń ya skáànù ti lọ sílé, a sì mọ̀ pé ìfun kì í wo aago. Wọ́n lè ní gbogbo irinṣẹ́ omi lọ́sàn-án, kí abẹ nìkan wà lóru.

Lọ́jọ́ ti Fẹ̀yí, èmi ni wọ́n ní kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Omi wọlé, ó dúdú lójú ẹ̀rọ, ó sì ń ti nǹkan roboto kan síwájú, láti apá òsì, kọjá lókè, wá sí apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ló dúró, ní ẹnu ọ̀nà tí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ gbà wọ ìfun ńlá. Ó dúró pẹ́. Mo rí òógùn lọ́rùn dókítà. Ó sọ omi kalẹ̀, ó ní ká sinmi, ó tún gbé e sókè. Lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan roboto náà mì, ó kéré sí i, ó pòórá, omi sì ya lọ sí òdìkejì, ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ kún lọ́kan-ò-jọ̀kan bí afárá oyin. Dókítà ní, "Màmá Fẹ̀yí, ó ti lọ." Ìyá rẹ̀ wo àpò omi tó ti ṣófo, ó ní, "Omi lásán?" Nígbà tí wọ́n tú pílásítà, omi ya sí mi láṣọ láti àyà dé orúnkún. N kò tíì rí ohun tí mo fi ayọ̀ gbà bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn méjèèjì ti ń ṣeré pọ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ àbúrò mi gbé ẹ̀wù sókè, ó ń fi ojú abẹ rẹ̀ han Fẹ̀yí, ó ní kìnnìún ló bu òun ṣán. Fẹ̀yí náà gbé tirẹ̀ sókè, ó wá ikùn rẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó sunkún wá bá mi pé kí n fún òun ní tòun.